Ife Tó Ń Làágùn Nídìí: Gíléèsì Nìkan Kọ́ Ló Lẹ̀bi

Amọ̀kòkò kan wá bá mi, ohun tó sì kọ́kọ́ sọ ni pé gíléèsì òun, ìyẹn ohun dídán bíi gíláàsì tó bo ara amọ̀, ń sán, ó ń ya ní ìlà wẹ́wẹ́. Ife ló ń mọ jù, ọwọ́ ló fi ń mọ ọ́n, kílìn oníná mànàmáná, ìyẹn ààrò tí wọ́n fi ń sun amọ̀, ló sì fi ń sun ún. Tí ife náà bá jáde nínú kílìn báyìí, ẹwà ni, ó ń dán, kò sí ìlà kankan lára ẹ̀, á wá kó o fáwọn tó ń rà á. Tó bá di bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìpè á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní ìlà wẹ́wẹ́ ti yọ nínú ife òun, ẹlòmíì á ní gbogbo ìgbà tóun bá gbé ife náà sórí tábìlì ló ń fi omi róbótó sílẹ̀, ẹlòmíì tún ní tóun bá fi gbé omi sínú microwave, omi inú ẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ọwọ́ ife tóun fẹ́ dì mú á ti gbóná débi pé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ̀sùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o, ṣùgbọ́n òun àtàwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, wọ́n dì í ru gíléèsì. Mo fẹ́ ro ọ̀rọ̀ yìí kúnnákúnná torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń sun amọ̀ ló máa ṣe irú ohun tó ṣe yìí, ojú gíléèsì la máa ń wò, a kì í bi amọ̀ léèrè.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ rèé. Amọ̀ tí wọ́n ti pò sílẹ̀ tí wọ́n dì sínú àpò ló ń rà, wọ́n kọ ọ́ sára àpò pé kóònù 6 dé kóònù 10 ni. Á sun bíìskì, ìyẹn sísun àkọ́kọ́ kí gíléèsì tó kàn án, dé kóònù 04, nǹkan bí 1060°C nìyẹn, lẹ́yìn náà á ri ife bọ gíléèsì, á wá sun ún lẹ́ẹ̀kejì dé kóònù 6, nǹkan bí 1222°C. Fún ẹni tí kóònù ṣì ṣàjèjì sí, Hermann Seger ló gbé e jáde ní Jámánì ní 1886, Edward Orton wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1896, iṣẹ́ tó ń ṣe nígbà yẹn náà ló ṣì ń ṣe lónìí: ègé kékeré ni, irú èròjà tó wà nínú amọ̀ àti gíléèsì ni wọ́n fi ṣe é, á dúró ṣánṣán nínú kílìn títí ooru tó wọ inú ẹ̀ fi máa tó, lẹ́yìn náà á tẹ̀. Kì í ṣe bí iná ṣe gbóná tó nìkan ni kóònù ń sọ fún wa, ó tún ń sọ bí nǹkan ṣe pẹ́ tó nínú ooru yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà dé ìdí ẹ̀.

Gíléèsì tó ń lò mọ́ gaara, kò láwọ̀, nepheline syenite, ìyẹn òkúta kan tí wọ́n lọ̀ kúnná, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì ẹ̀, ìyókù jẹ́ sílíkà (irú èyí tó wà nínú iyanrìn), whiting (ṣọ́ọ̀kì lílọ̀), kaolin (amọ̀ funfun) àti frit (gíláàsì tí wọ́n yọ́ tí wọ́n wá lọ̀) díẹ̀. Kò sóhun tó ṣe nepheline syenite, ó ń jẹ́ kí gíléèsì yọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù pọ̀ nínú ẹ̀, potásíọ̀mù náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì yìí ló sì ń mú kí gíléèsì fẹ̀ jù tó bá gbóná, kó sì súnkì jù tó bá ń tutù. Amọ̀ náà ń súnkì ní tiẹ̀. Tí gíléèsì bá wá súnkì ju amọ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ, bí aṣọ tó fún mọ́ èèyàn lára ló ṣe máa rí, ibi tí kò bá ti lè nà mọ́, ibẹ̀ ló máa ya, ìlà wẹ́wẹ́ tí à ń rí yẹn nìyẹn. Tó bá jẹ́ amọ̀ ló súnkì jù, ó máa fún gíléèsì pọ̀. Díẹ̀ nínú ìyẹn dáa, ó tiẹ̀ ń jẹ́ kí ife lágbára sí i, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ààlà, gíléèsì á máa bó lẹ́nu ife àti lára ọwọ́ ife, ègé tó bó yẹn mú gan-an, ó sì lè já sínú ohun téèyàn ń mu. Torí náà iṣẹ́ wa ni pé kí amọ̀ súnkì ju gíléèsì lọ díẹ̀, díẹ̀ náà ni.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un ni pé ó ń tètè ṣí kílìn. Òótọ́ ni, nǹkan bí 200°C ló ti máa ń ṣí i nítorí ìkánjú. Ó wá ń dúró kí gbogbo ẹ̀ tutù pátápátá kó tó fọwọ́ kan ọmọrí kílìn. Ìlà ò tètè yọ bíi ti tẹ́lẹ̀, inú ẹ̀ dùn, ó rò pé ó ti tán, ṣùgbọ́n ìlà yẹn padà yọ. Mi ò ní bá ẹni tó fún un nímọ̀ràn yẹn jà torí pé títutù díẹ̀díẹ̀ wúlò, quartz, ìyẹn sílíkà tó wà nínú amọ̀, máa ń yí padà lójijì ní 573°C, cristobalite, tóun náà jẹ́ oríṣi sílíkà, ń ṣe tiẹ̀ ní nǹkan bí 226°C, tí atẹ́gùn tútù bá já lu ìkòkò láwọn ibi yẹn, ìkòkò fúnra ẹ̀ lè là látòkè délẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí gíléèsì tó ń sán. Iye tí gíléèsì máa súnkì, inú èròjà tí wọ́n fi pò ó ló wà, ẹ̀ báà jẹ́ kí kílìn tutù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, iye yẹn náà ló máa súnkì. Ohun tí títutù díẹ̀díẹ̀ ṣe fún un ni pé ó sún ọjọ́ tí ìlà máa yọ síwájú, ìyẹn sì léwu ju kó sán níwájú kílìn lọ, torí ilé oníbàárà ló ti wá ń sán.

Ẹlòmíì ní kó jẹ́ kí gíléèsì nípọn sí i, pé á dí ojú ibi tí omi ń gbà jáde. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tó gbìyànjú. Ó ri àwọn ife yẹn lẹ́ẹ̀mejì, gíléèsì ṣàn wá sídìí, ife lẹ̀ mọ́ pẹpẹ kílìn, ó di kó máa fi irin àti òòlù gbẹ́ ẹ, pẹpẹ bàjẹ́, ife náà ò sì ṣeé tà. Àwọn tí ò lẹ̀ tún wá sán ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí gíléèsì tó nípọn máa ń sán ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ lórí amọ̀ kan náà. Nígbà tí mo wọn gíléèsì inú garawa ẹ̀, mílílítà 100 wúwo tó gíráàmù 158. Fún irú gíléèsì tó mọ́ gaara yìí tí à ń ri bíìskì bọ̀, láàárín gíráàmù 140 sí 150 ló máa ń dáa lójú tèmi. Kò fìgbà kankan wọ̀n ọ́n rí, ojú ló fi ń wò ó.

Ó tún gbìyànjú àtisun àwọn tó ti sán lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìlà parẹ́ nígbà tí gíléèsì yọ́, ó sì tún padà nígbà tó tutù, kò sóhun tó yí padà nínú èròjà ẹ̀, ibo ni ìyàtọ̀ fẹ́ gbà wá? Ó ra oògùn tí wọ́n ń fi kun ìdí ife kó má bàa fa omi, omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ ìyẹn dànù kò pẹ́ rárá.

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ojútùú ni ìgbà tó fọwọ́ kan èròjà gíléèsì fúnra ẹ̀. Sílíkà máa ń dín súnkì-súnkì gíléèsì kù, bóróǹ, magnésíọ̀mù, zinc àti lítíọ̀mù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, sílíkà ló sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ yí garawa ńlá padà, kó wọn gíléèsì gbígbẹ díẹ̀díẹ̀, kó fi sílíkà 5 kún 100 nínú ọ̀kan, 10 nínú èkejì, 15 nínú ẹ̀kẹta, kó wá fi wọ́n sára ègé amọ̀ kan náà, kó jọ sun wọ́n pa pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ṣe èyí nílé, ẹ bo imú yín pẹ̀lú ìbòmú tó ń sẹ́ eruku dáadáa, kì í ṣe aṣọ lásán, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ tútù nu tábìlì àti ilẹ̀, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Eruku sílíkà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, àìsàn tó ń fà tí wọ́n ń pè ní silicosis kì í lọ mọ́ tó bá ti wọlé. Ó ń dùn mí tí mo bá ráwọn ọ̀dọ́ tó ń da sílíkà sínú garawa pẹ̀lú imú gbalasa.

Nígbà tí wọ́n jáde, a ò dúró de ọ̀sẹ̀ mélòó kan. A gbé ègé kọ̀ọ̀kan sínú omi tó ń hó, a gbé e jáde sínú omi yìnyín, a tún dá a padà sínú omi híhó, a ṣe é léraléra, lẹ́yìn náà mo fi íǹkì dúdú pa á lójú, mo nù ún kúrò. Èyí tí kò ní àfikún ti sán kíá, íǹkì wọ inú ìlà ẹ̀, ó hàn kedere. Èyí tó ní 5 sán díẹ̀, ìlà ẹ̀ jìnnà síra. Èyí tó ní 10 ò ní ìlà kankan, íǹkì nù kúrò lára ẹ̀ tán. Èyí tó ní 15 náà ò sán, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣú, kò dán mọ́, torí kóònù 6 ò gbóná tó láti yọ́ gbogbo sílíkà yẹn. Ó mú èyí tó ní 10. Ó pò garawa tuntun, ó dín ìnípọn ẹ̀ kù sí bíi gíráàmù 145, ó sun kílìn kan tó kún.

Tí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, mi ò bá má kọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ife yìí, kò sí ìlà kankan nínú ẹ̀, mo ti ta íǹkì sí i tọwọ́ tẹsẹ̀, kò wọ ibì kankan, ṣùgbọ́n ó ṣì ń làágùn nídìí o." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé sílíkà ò ṣiṣẹ́, ó fẹ́ dà á nù kó wá gíléèsì míì pátápátá. Mo ní kó fara balẹ̀. Gíléèsì tí kò sán kì í jẹ́ kí omi kọjá, tí omi bá wá wà nídìí ife, ibòmíì ló gbà wá.

Ohun tí a ṣe kò ná wa ní nǹkan kan. A mú ife méjì nínú àwọn tuntun yẹn, a sá wọn sínú ooru kí wọ́n gbẹ tán. Èkíní, a rọ omi kún inú ẹ̀ láìjẹ́ kí omi kan ìta ẹ̀, a gbé e ka bébà funfun, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èkejì, a fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ife nílé, a rì í sínú omi ọṣẹ, a jẹ́ kó wà níbẹ̀ fúngbà díẹ̀, a gbé e jáde, a nù ún gbẹ títí kò fi tutù lọ́wọ́ mọ́, a wá gbé òun náà ka bébà láìsí nǹkan nínú ẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, bébà abẹ́ ife tí omi kún ò tutù rárá. Abẹ́ ife tó ṣófo ló ní àmì omi róbótó, bí ìdí ife ṣe tóbi gẹ́lẹ́ ni àmì náà ṣe tóbi.

Ìyẹn ló yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà. Ife náà ò jò látinú. Ìdí ẹ̀ tí gíléèsì kì í sí, torí a ò lè fi gíléèsì síbi tó máa kan pẹpẹ, ló ń fa omi mu nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n bá wá gbé e kalẹ̀, á máa pọ̀ ọ́ jáde. Ọwọ́ ife tó ń gbóná nínú microwave náà, ohun kan náà ni, omi ti wà nínú amọ̀ ọwọ́ yẹn, omi sì ni microwave ń mú gbóná jù. Ẹ̀sùn méjì nínú mẹ́ta kúrò lọ́rùn gíléèsì lọ́jọ́ kan, wọ́n bọ́ sọ́rùn amọ̀.

Ó wá kan kí á mọ iye omi tí amọ̀ yẹn ń mu. Ègé tí kò ní gíléèsì, tó jáde nínú kílìn kan náà, la lò. Ó gbẹ tán, a wọ̀n ọ́n, a sè é nínú omi fún wákàtí márùn-ún, a fi í sílẹ̀ nínú omi yẹn di ọjọ́ kejì, a fi aṣọ tó rin díẹ̀ nu ojú ẹ̀, a tún wọ̀n ọ́n. Ní gbígbẹ, gíráàmù 212. Lẹ́yìn omi, 224.5. Omi tó mu jẹ́ gíráàmù 12.5, ẹ pín in sí 212, ẹ sọ ọ́ di ti ọgọ́rùn-ún, ó jẹ́ ìdá 5.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ife stoneware, ìyẹn amọ̀ líle tí wọ́n ń sun nínú iná tó gbóná gan-an, tí wọ́n fẹ́ máa lò lójoojúmọ́, èmi ò fẹ́ kó kọjá ìdá 2, àwọn kan ń gbà á dé 3. Amọ̀ tó mu tó 5.9 kò tíì jinná, ihò wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ ò tíì dí, bó ti wù kó le lọ́wọ́ tó.

Nǹkan kan ṣì wà tí ìyẹn ṣàlàyé, òun sì ni ìdí tí ìlà fi ń pẹ́ kó tó yọ. Amọ̀ tí ò jinná tó bá ń mu omi nígbà gbogbo máa ń wú díẹ̀díẹ̀, wíwú kékeré tí ojú ò lè rí, láàárín ọ̀sẹ̀ àti oṣù. Gíléèsì tó wà lórí ẹ̀ ò wú, ó kàn ń di fífà ni. Gíléèsì tó ti fún tẹ́lẹ̀ ò lè fara da ìyẹn, ó máa ya. Torí náà, ká tiẹ̀ ní sílíkà 10 yẹn yege nínú omi híhó àti yìnyín lónìí, lórí amọ̀ tó ń mu omi báyìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní sán lọ́dún tó ń bọ̀. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà.

Kí ló dé tí amọ̀ ò jinná? Kọ̀ntírólà kílìn ẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí ooru ẹ̀, ń sọ pé ó dé 1222°C gbogbo ìgbà, òun ló sì gbára lé, kò fi kóònù sínú kílìn ẹ̀ mọ́ látìgbà tó ti ra kọ̀ntírólà. Mo ní kó fi kóònù 5, 6 àti 7 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sórí pẹpẹ òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, kó sun ún bó ṣe ń sun ún. Lókè, kóònù 6 tẹ̀ dáadáa, orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, 7 ṣì dúró. Láàárín, 6 tẹ̀ díẹ̀. Nísàlẹ̀, kóònù 5 ló tẹ̀, kóònù 6 dúró gbọnin-gbọnin, ó fi nǹkan bíi kóònù kan rẹlẹ̀ sí òkè. Irin tó ń ka ooru fún kọ̀ntírólà, apá òkè ló wà, ooru ibi tó wà ló ń kà. A wá rántí nǹkan kan tá ò tíì so pọ̀: àwọn ife ńlá ẹ̀, torí gíga wọn, ìsàlẹ̀ ló máa ń tò wọ́n sí nígbà gbogbo, ó sì ṣí ìwé tó ń kọ ọjà sí, àwọn tó ráhùn jù lọ, ife ńlá ni wọ́n rà.

Pẹpẹ ìsàlẹ̀ yẹn jókòó sórí ilẹ̀ kílìn tààrà. A fi òpó kúkúrú gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè rí àyè lábẹ́ ẹ̀, a dín ohun tó ń tò sísàlẹ̀ kù, a ní kí kílìn máa gòkè ní 60°C fún wákàtí kan nínú 100°C tó gbẹ̀yìn, kó sì dúró níbi tó gbóná jù fún bíi ogún ìṣẹ́jú kó tó pa. Torí pé dídúró yẹn ń fi ooru kún un, a dín ìwọ̀n tó máa gbóná dé kù díẹ̀ kí òkè má bàa jinná jù. Kóònù 6 wá ń tẹ̀ lókè, ó ń tẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú, ìyàtọ̀ kékeré ló kù.

A tún wọn amọ̀. Èyí tó wá láti òkè, ìdá 4.3. Ìsàlẹ̀, 4.6. Ó ti dáa ju ti tẹ́lẹ̀, kò sì tíì dáa tó. Kílìn ti tọ́, amọ̀ ṣì ń mu omi, ó kù ká bi amọ̀ fúnra ẹ̀. Ó rí amọ̀kòkò míì tó ń sun dé kóònù 10, nǹkan bí 1285°C, ìyẹn bá a fi ègé kan sínú kílìn tiẹ̀, ó jáde, a wọ̀n ọ́n, ìdá 1.7. Amọ̀ kóònù 10 ni amọ̀ yẹn, láti ilẹ̀ wá. Lóòótọ́ kò ní fọ́ ní kóònù 6, kò ní yí padà, èèyàn lè sun ún níbẹ̀, ohun tí àpò ń sọ gan-an nìyẹn, kò sọ pé ó máa jinná níbẹ̀. Mo ní èrò tó le lórí èyí: amọ̀ kan ò lè jinná dáadáa ní kóònù 6 kó tún jinná dáadáa ní kóònù 10. Tó bá jinná tán ní 6, ní 10 á ti máa wú, á máa yọ ìléròrò, á tiẹ̀ lè rọ̀ kó wọ́. Tó bá jinná ní 10, ní 6 ó ṣì ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kọ ìwọ̀n tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ sára àpò, ẹ béèrè iye omi tó ń mu ní kóònù tẹ́ ẹ̀ ń sun ún sí, tí wọn ò bá lè sọ, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín kẹ́ ẹ tó ra púpọ̀.

Ó ṣeé ṣe kó máa sun dé kóònù 10 ní tiẹ̀, kílìn ẹ̀ lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tó ń mú un gbóná á tètè gbó, gíléèsì kóònù 6 ẹ̀ á sì ṣàn dànù. Ó pààrọ̀ amọ̀. Ó ra èyí tí wọ́n ṣe fún kóònù 6 nìkan, kó tó mọ ife kankan ó kọ́kọ́ ṣe ègé àyẹ̀wò. Lókè 1.1, nísàlẹ̀ 1.6. Ó fọ̀ ọ́, ó gbé e ka bébà, bébà gbẹ. Ó gbé e sínú microwave, omi gbóná, ọwọ́ ife ṣeé dì mú.

Ó wá fi gíléèsì tó ní sílíkà 10 yẹn sí amọ̀ tuntun, ó sì sán nínú omi híhó àti yìnyín! Ẹ lè fojú inú wò ó bó ṣe rí lára ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí. Quartz tó ṣẹ́ kù nínú amọ̀ láìyọ́ ló ń jẹ́ kí amọ̀ súnkì púpọ̀ tó bá ń tutù, súnkì yẹn ló sì ń fún gíléèsì pọ̀ tí kì í fi í sán. Nínú amọ̀ kóònù 6 tó jinná, feldspar, òkúta lílọ̀ tó ń mú kí amọ̀ yọ́ kó jinná, pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ti jẹ lára quartz yẹn, amọ̀ ò wá súnkì tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Gíléèsì tó bá amọ̀ àtijọ́ mu tún ti fún jù lórí tuntun. Amọ̀ tó jinná jù ò ní kí gíléèsì má sán, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ ni, èèyàn gbọ́dọ̀ yanjú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

A ò lè fi kún sílíkà mọ́, a ti rí i pé ojú 15 ṣú. A ní láti wá ohun tó máa ràn án lọ́wọ́ láti yọ́. A yọ díẹ̀ nínú nepheline syenite, a fi frit tó ní bóróǹ àti magnésíọ̀mù rọ́pò ẹ̀. Ẹ kíyè sí i o, frit pọ̀ lóríṣiríṣi, òmíì tó ní bóróǹ tún kún fún sódíọ̀mù, irú ẹ̀ ò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí, ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Bóróǹ máa ń yọ́ tètè, kò sì ń súnkì púpọ̀, ó fún wa láyè láti fi sílíkà kún un kọjá ibi tó ti ṣú tẹ́lẹ̀, ojú ẹ̀ sì dán. A sè é, a fi yìnyín sí i, a fi íǹkì pa á, kò sí ìlà. A tún wo òdì kejì ẹ̀, ṣé ó ti wá fún gíléèsì pọ̀ jù? Ó fi igi gbá ẹnu ife kan yíká léraléra lẹ́yìn tó jáde nínú fíríìsà, kò sí ègé tó bó. Ó wá ń lo díẹ̀ nínú wọn nílé fún oṣù mélòó kan, wọ́n ń fọ̀ wọ́n, wọ́n ń gbé wọn sínú microwave, kó tó gbé ìyókù sọ́jà.

Ní ti àwọn ife tó ti tà, ó pe àwọn tó ní nọ́mbà wọn, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi sínú microwave mọ́, kí wọ́n dá a padà tí wọ́n bá fẹ́. Mo gbà pé ohun tó tọ́ ló ṣe. Ọwọ́ ife tó gbóná bẹ́ẹ̀ lè mú kéèyàn sọ omi híhó sílẹ̀ sára ọmọdé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mú níbẹ̀ ni bí a ṣe ń tò ó tẹ̀ léra, torí ìtò yẹn ló jẹ ẹ́ lówó àti àkókò. Tí ife bá ń fi omi sílẹ̀, amọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan garawa gíléèsì, bébà méjì àti sìkéèlì tó lè ka ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù ti tó. Tí amọ̀ bá ń mu omi, kóònù nísàlẹ̀ kílìn ló kàn, ẹ má gba ọ̀rọ̀ kọ̀ntírólà gbọ́ láìsí ẹlẹ́rìí. Ìgbà tí méjèèjì bá ti tọ́ ni kẹ́ ẹ tó wá dá gíléèsì lẹ́jọ́, torí gíléèsì tẹ́ ẹ bá tún ṣe lórí amọ̀ tí ò jinná, ẹ máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá sì yí amọ̀ padà, kódà tó bá jẹ́ àpò tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ti ń rà á tẹ́lẹ̀, ẹ tún àyẹ̀wò omi híhó àti yìnyín ṣe.

Amọ̀kòkò yìí wá ń fi ègé gbọọrọ kan tí kò ní gíléèsì sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ nínú gbogbo kílìn tó bá sun, pẹ̀lú kóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ń kọ iye omi tó mu sínú ìwé, èyí tó bá kọjá 2, kì í kó ife inú kílìn yẹn jáde fún títà. Àpò amọ̀ àtijọ́ tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ ẹ̀ kò dà nù, ó ń fi mọ ìkòkò òdòdó tó ní ihò nídìí, ibi tí fífa omi ò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára.